Ìyá Aláró tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́: àkọsílẹ̀ ìṣẹ̀lẹ̀ kan ní Òṣogbo

Ọwọ́ ni ọmọ rẹ̀ fi mọ̀. Ẹni tó bá ti ń rẹ aṣọ fún ogún ọdún, èékánná rẹ̀ kì í mọ́. Ẹlú a wọ abẹ́ rẹ̀, a jókòó síbẹ̀, ìbáà ṣe ọjọ́ Iléyá, ìbáà ṣe ọjọ́ ìgbéyàwó. Ní oṣù keje lẹ́yìn ikú bàbá wọn, ọmọ àgbà, ọmọ ọdún 22, wá gbé àwo àmàlà tí ìyá rẹ̀ kò fọwọ́ kàn, ó rí i pé ọwọ́ ìyá ti mọ́ tónítóní bí ọwọ́ akọ̀wé báǹkì. Ó lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Ìkòkò aró mẹ́ta ló wà níbẹ̀, gbogbo wọn ti kú. Aró tí wọn kò rò, tí wọn kò bu omi eérú sí, dídákẹ́ ló ń dákẹ́, á sì máa rùn. Ẹ̀fọn ti ń yé sínú ọ̀kan.

Ẹni ọdún 46 ni obìnrin yìí. Ilé wọn wà ní apá Òkè Baálẹ̀, ìsọ̀ àdìrẹ rẹ̀ wà ní ọjà Ìgbọ́nà. Ìyá Aláró la ó máa pè é níbí. Orúkọ yẹn kò lè tú àṣírí ẹnikẹ́ni nílùú tí aláró pọ̀ tó Òṣogbo. A ti yí àwọn nǹkan mìíràn padà pẹ̀lú. Ohun tí a kò fọwọ́ kàn ni bí àìsàn náà ṣe rìn, bí wọ́n ṣe kọ́kọ́ fi Àlùkùránì dá kún un, àti bí Àlùkùránì kan náà ṣe wá di ìtùnú fún un nígbà tí wọ́n wọn ọ́n níwọ̀n.

Bí opó ṣe bo àìsàn mọ́lẹ̀

Ọkọ rẹ̀ ń wa kọ́rópe. Ó ṣubú lẹ́nu iṣẹ́, ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò bá a láyé. Wọ́n sin ín, wọ́n ṣe fídáù ọjọ́ kẹjọ, ìyàwó sì wọ opó oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá tí Àlùkùránì là sílẹ̀ (2:234). Opó kò fẹ́ ọ̀ṣọ́, kò fẹ́ lọ́fínńdà, kò fẹ́ ìrìn-àjò. Nítorí náà, nígbà tí obìnrin yìí kò jáde, tí kò di irun, tí kò bá ẹnikẹ́ni tàkúrọ̀sọ, ńṣe ni wọ́n ń yìn ín pé ó ń ṣe opó bó ti yẹ. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti wọ́. Òfin opó kò ní kí èèyàn má jẹun, kò ní kó má sùn. Obìnrin tó wà nínú opó lè gba àlejò, ó lè tajà nínú ilé, ó lè jáde lọ́sàn-án fún ohun tó bá pọn dandan, ó sì lè rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ọjọ́ pé, tí wọ́n ní kó wẹ̀ kó jáde, kò jáde.

Ẹnu rẹ̀ kò sọ "inú mi bàjẹ́" rí. Ohun tó ń sọ ni pé orí òun ń gbóná, pé nǹkan ń rìn nínú orí òun, pé àyà òun wúwo bí ọlọ. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ Yorùbá ṣe ń sọ àìsàn ọkàn: ara ni wọ́n fi ń sọ ọ́. Ẹni tó bá ń dúró de ọ̀rọ̀ ìbànújẹ́ kó tó fura, á dúró pẹ́. Oníkẹ́míìsì tó wà nítòsí ta oògùn ibà fún un lẹ́ẹ̀mẹta.

Ọ̀fọ̀ àti àìsàn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn jọ ara wọn, ṣùgbọ́n ìrìn wọn yàtọ̀. Ọ̀fọ̀ a máa wá bí ìgbì omi, a dé, a sì tún fà sẹ́yìn. Ọlọ́fọ̀ á sunkún láàárọ̀. Tí wọ́n bá rántí àwàdà olóògbé lọ́sàn-án, á rẹ́rìn-ín. Ẹni tó kú ló ń wá. Ìrẹ̀wẹ̀sì kì í fà sẹ́yìn. Ó ń wà láti òwúrọ̀ dalẹ́, ó lé ní ọ̀sẹ̀ méjì, oúnjẹ di koríko lẹ́nu, oorun ń já ní aago mẹ́ta òru, ara ń falẹ̀, ẹni náà á sì máa dá ara rẹ̀ lẹ́bi. Ìyá Aláró ti gbà pé òun lòun pa ọkọ òun, nítorí pé òun kò sọ fún un kó má jáde lọ́jọ́ náà.

Ìtọ́jú tó dá kún un

Ẹ̀gbọ́n ọkọ ló mú un lọ sọ́dọ̀ àáfà kan. Àáfà ní àlùjànnú omi ló jókòó sí i lórí. Ọjọ́ 11 ló lò níbẹ̀. Hàǹtú (omi tí wọ́n fi fọ ááyà tí wọ́n kọ sára wàláà) láàárọ̀ àti lálẹ́, ààwẹ̀ lójoojúmọ́, Yāsīn ẹ̀ẹ̀mọ́kànlélógójì láàárín òru mẹ́ta, lẹ́yìn náà, "Hasbunallāhu" ẹgbẹ̀rún mẹ́rin lórí tẹ̀sùbáà lóru kọ̀ọ̀kan. Owó rẹ̀ jẹ́ ₦85,000.

Rúkíyà, ìyẹn kíka ááyà àti àdúà sí aláìsàn lára, kò lẹ́bi fúnra rẹ̀. Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) a máa ka Kul Huwallāhu, Falaki àti Nāsi sí àtẹ́lẹwọ́ kó tó sùn, a sì fi pa ara; Aishat ìyàwó rẹ̀ ló gbà á wá, ó wà nínú ìwé hádíìsì Bukhari. Kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, kò sì náni ní kọ́bọ̀. Ohun tó ba ti Ìyá Aláró jẹ́ ni òru àìsùn. Ẹni tí oorun ti dínkù sí wákàtí mẹ́ta, tí wọ́n tún wá gba mẹ́ta náà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sí bí ọpọlọ rẹ̀ ṣe máa balẹ̀. Èkejì ni iye. Ọkàn tó rẹ̀ kò lè ka ẹgbẹ̀rún mẹ́rin láìṣì. Tó bá ṣì í, á tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí kò parí rẹ̀, ó gbà pé Ọlọ́hun ló kọ àdúà òun. Èyí tó wá burú jù ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi sin ín dé ilé: "Ìgbàgbọ́ rẹ ló kéré." Aláìsàn tí ẹ̀bi ti ń jẹ lọ́kàn, ẹ tún di ẹ̀bi lé e lórí! Láti ọjọ́ yẹn ló ti pa ìrun tì. Ó ní kò sí ohun tí ìrun òun ń bá gòkè.

Ìbéèrè tí wọn kì í fẹ́ bi

Ọmọ rẹ̀ ló lọ bá Ìyá Àdínnì mọ́sálásí àdúgbò. Ìyá Àdínnì kò wá nìkan. Ó mú nọ́ọ̀sì kan tó jẹ́ ọmọ Àsàlátù wọn dání. Nọ́ọ̀sì lo ìwé ìbéèrè mẹ́sàn-án tí wọ́n ń lò nílé ìwòsàn, èyí tó dá lórí ọ̀sẹ̀ méjì tó kọjá: oorun, oúnjẹ, agbára, ẹ̀bi, ìfọkànsí, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní máàkì láti 0 dé 3, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 27. Ìyá Aláró gba 19. Tó bá ti dé 15, kí wọ́n má fi falẹ̀.

Ìbéèrè kẹsàn-án dá lórí ikú. Ẹ̀rù a máa ba àwọn tó ń bẹ aláìsàn wò pé táwọn bá bi í, àwọn á fi èrò náà sí i lọ́kàn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bíbi í ló ń mú kí ẹni náà mí. Bí Ìyá Àdínnì ṣe bi í nìyí: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ó ti ń ṣe yín bíi pé kí ilẹ̀ má mọ́ bá yín?" Ó dákẹ́ díẹ̀. "Mo máa ń bẹ Ọlọ́hun pé kó mú mi lọ bá a." Ìyá Àdínnì tún béèrè bóyá ó ti ń ro ọ̀nà tó máa gbà. Ó ní rárá. Síbẹ̀, wọn kò fi rárá náà sùn. Lọ́jọ́ yẹn gan-an, ọmọ kó sódà àti gbogbo kẹ́míkà aró kúrò nílé lọ sí ìsọ̀ aládùúgbò, wọ́n sì yan ẹni tí yóò máa bá a sun yàrá kan náà. Oògùn tí dókítà bá fún un, ọwọ́ ọmọ ni yóò wà, èyí tó máa lò lọ́jọ́ kan ni yóò máa fún un.

Ìyá Àdínnì kò bú u nítorí ohun tó sọ. Ó ka Súrà Màríyámù fún un, ááyà 23, níbi tí ìrora ìrọbí ti mú Màríyámù dé ìdí ọ̀pẹ dábínù, tó ní ì bá sàn kóun ti kú ṣáájú èyí, kóun ti di ẹni ìgbàgbé. Ẹ wo èsì tó gbà nínú ááyà mẹ́ta tó tẹ̀ lé e: má banú jẹ́, omi ń ṣàn nísàlẹ̀ rẹ, mi ọ̀pẹ náà, jẹ, mu, kí ojú rẹ tutù. Kò sí ìbáwí kan níbẹ̀. Oúnjẹ àti omi ló kọ́kọ́ dé. Lẹ́yìn náà ló kọ́ ọ ní àdúà tí Ànábì fi rọ́pò títọrọ ikú, èyí tí Anas, ọmọlẹ́yìn rẹ̀, gbà wá: "Ọlọ́hun, jẹ́ kí n wà láàyè níwọ̀n ìgbà tí ìyè bá dára fún mi, kí o sì gbà mí tí ikú bá ló dára fún mi."

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, wọ́n ti mú un lọ sí ẹ̀ka ìtọ́jú ọpọlọ nílé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ tó wà nílùú. Wọ́n kọ́kọ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, nítorí pé àìtó ẹ̀jẹ̀ àti àìsàn ẹṣẹ́ ọrùn (táírọ́ọ̀dù) lè mú ara falẹ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n wá fún un ní oògùn kan tí yóò máa lò lálẹ́.

Ìwọ̀n Àlùkùránì

Ìmáàmù mọ́sálásí àdúgbò ló gbé ètò kíkà kalẹ̀, nọ́ọ̀sì sì yẹ̀ ẹ́ wò. Òfin àkọ́kọ́: kò sí kíka iye tó lé ní ọgọ́rùn-ún, kò sì sí kíkà kankan láàárín aago mẹ́wàá alẹ́ sí ìrun Sùbúhì.

Ọ̀sẹ̀ kìíní àti ìkejì, Wad-Duhā nìkan, súrà 93, ááyà 11. Kò gbà ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Ọmọ ló ń kà á lẹ́yìn Sùbúhì, ìyá ń gbọ́, lẹ́yìn náà wọ́n á sọ ìtumọ̀ ááyà kan ṣoṣo ní Yorùbá. Ìdí tí wọ́n fi yan súrà yìí ni pé ìmísí ti dáwọ́ dúró fún ìgbà kan, ọkàn Ànábì ń dàrú, àwọn ọ̀tá ń sọ pé Olúwa rẹ̀ ti pa á tì. Ááyà kẹta ló dá wọn lóhùn: "Olúwa rẹ kò pa ọ́ tì, kò sì bínú sí ọ." Ọ̀rọ̀ tí àìsàn ń sọ sí Ìyá Aláró létí gẹ́lẹ́ nìyẹn, òwúrọ̀ ló sì máa ń le jù, bó ṣe wọ́pọ̀ nínú irú àìsàn yìí. Orúkọ súrà náà ni ìyálẹ̀ta. Nígbà tó bá di ìyálẹ̀ta, ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án, wọ́n á mú àga rẹ̀ bọ́ síta, á yáàrùn fún ogún ìṣẹ́jú, á ṣe àlùwàlá, á kí ràkáà méjì. Tí kò bá lè dúró, kó jókòó. Hádíìsì Imran ọmọ Husayn fàyè gba ìjókòó, ó tilẹ̀ fàyè gba ìfẹ̀gbẹ́lélẹ̀. Ní ti ìrun márààrún, ìlànà Màlíkì tí ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí ilẹ̀ wa ń tọ̀ gba aláìsàn láyè láti da Àyìlá pọ̀ mọ́ Àlàásárì, àti Màgàríbì mọ́ Ìṣáì. Ó lò ó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin.

Lálẹ́, súrà mẹ́ta tí a dárúkọ lókè, ẹ̀ẹ̀mẹta mẹ́ta, kó fẹ́ ẹ sí àtẹ́lẹwọ́, kó fi pa ara. Lẹ́yìn náà, Subhānallāhi 33, Alhamdulillāhi 33, Allāhu Akbar 34. Ìka ọwọ́ ló fi ń kà á. Wọ́n gba tẹ̀sùbáà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí Ànábì kọ́ ní èyí ni Fatimah ọmọ rẹ̀, nígbà tí ọlọ ti bó o lọ́wọ́ tó wá tọrọ ìránṣẹ́. Ẹni tó ti fi ọwọ́ ṣiṣẹ́ títí ló ni ín láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n sọ èyí fún Ìyá Aláró, ó yí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ padà, ó ń wò ó. Ọmọ ní ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ìyá òun wo nǹkan kan láàárín oṣù mẹ́ta.

Tó bá jí ní aago mẹ́ta òru ńkọ́? Àwọn obìnrin àdúgbò ti sọ fún un pé Ọlọ́hun ló ń jí i fún Tàhàjúdù, ìrun àárín òru. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ní tirẹ̀, àìsàn ló ń jí i, oorun sì jẹ́ apá kan ìtọ́jú. Ìlànà tí wọ́n fún un ni pé tí ogún ìṣẹ́jú bá kọjá tí kò sùn, kó dìde, kó kí ràkáà méjì kúkúrú, kó padà sórí ẹní. Kò gbọdọ̀ tan fóònù. Fóònù ni wáàsí ìyà sàréè ti ń wọlé, èyí tí àwọn èèyàn ń fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, bẹ́ẹ̀ gbogbo ááyà ìyà ló ń kà sí lẹ́tà tí wọ́n kọ sí òun. Fún oṣù méjì, wọ́n yọ irú ìyẹn kúrò nínú ohun tó ń gbọ́.

Ọ̀sẹ̀ kẹta, wọ́n fi Alam Nashrah kún un, súrà 94, ááyà 8. Ibí yìí ni ìmáàmù ti tún ohun kan ṣe tí oníwàásù púpọ̀ ń kánjú kọjá. Wọ́n máa ń ní "lẹ́yìn ìnira ni ìrọ̀rùn." Ááyà kan wà tó sọ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, nínú Súrà Talāki (65:7). Ṣùgbọ́n nínú Alam Nashrah, "pẹ̀lú" ni, ẹ̀ẹ̀mejì: pẹ̀lú ìnira ni ìrọ̀rùn wà. Ẹni tí wọ́n bá sọ "lẹ́yìn" fún, á máa wo ọ̀nà, á sì rẹ̀ ẹ́. Èyí tí wọ́n bá sọ "pẹ̀lú" fún lè wá a lónìí. Wọ́n ní kó máa dárúkọ ìrọ̀rùn kan ṣoṣo lójúmọ́, èyí tó wà nínú ìnira ọjọ́ náà. Ọjọ́ kìíní, ó ní kò sí. Ọjọ́ kejì, ó ní ọmọ òun bu ẹ̀kọ mímu wá, ó gbóná.

Ẹ̀kọ yẹn náà ní ìtàn. Aishat máa ń ní kí wọ́n se tálíbínà, omi ọkà báálì tó rọ̀, fún aláìsàn àti ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀, nítorí ó ń fún ọkàn ní ìsinmi. Wọ́n ti ń tà á nínú agolo báyìí lówó gọbọi. Ẹni tó bá lówó, kó rà á. Ògì wa tó rọ̀, tó gbóná, tí kò ní ká jẹ ẹ́ lẹ́nu pẹ́, ń ṣiṣẹ́ oúnjẹ rírọ̀ náà fún ẹni tí kò lè jẹun.

Ọ̀sẹ̀ karùn-ún ló kan Súrà Yúsúfù, ááyà 84 sí 87. Ànábì Yákúbù sunkún ọmọ rẹ̀ títí ojú rẹ̀ fi funfun. Àwọn ọmọ rẹ̀ yòókù ní kó gbàgbé, kó má baà pa ara rẹ̀. Ó dá wọn lóhùn pé ọ̀dọ̀ Ọlọ́hun lòun ń kó ìbànújẹ́ òun lọ. Kò sí ẹni tó pe Yákúbù ní aláìnígbàgbọ́, Ànábì ni. "Ṣé pé wọ́n lè jẹ́ Ànábì, kí ojú wọn fọ́ látàrí ẹkún?" Ìbéèrè tó gùn jù tí Ìyá Aláró ti béèrè nìyẹn.

Gbèsè

Àdúà tí Ànábì máa ń ṣe lórí ìdààmú ka ohun mẹ́jọ: àníyàn, ìbànújẹ́, àìlágbára, ọ̀lẹ, ahun, ojo, ẹrù gbèsè, àti kí àwọn èèyàn borí ẹni. Nígbà tí wọ́n dé orí gbèsè, Ìyá Aláró bú sẹ́kún. Ọkọ jẹ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ní ₦400,000, wọ́n sì ti ń wá sílé ka ìyàwó mọ́. Kò sí súrà tí wọ́n lè kà sórí èyí tí kò fẹ́ kí ẹnìkan jókòó ti ìṣirò.

Òfin rẹ̀ ṣe kedere (4:11–12): inú ohun tí òkú fi sílẹ̀ ni gbèsè ti ń jáde, ṣáájú ogún, ọrùn ìyàwó kọ́ ló wà. Ẹbí ta kọ́rópe náà ní ₦1,600,000. Wọ́n san gbèsè, ó ku ₦1,200,000. Ìyàwó gba ìdá kan nínú mẹ́jọ, ₦150,000. Ìyá ọkọ tó ṣì wà láyé gba ìdá kan nínú mẹ́fà, ₦200,000. ₦850,000 ku fún ọmọ, ọkùnrin kan àti obìnrin méjì: ₦425,000 fún ọkùnrin, ₦212,500 fún obìnrin kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀gbọ́n ọkọ bínú. Ìmáàmù kà á fún un lẹ́ẹ̀mejì.

Ibi tó ti fẹ́ bàjẹ́

Lọ́sẹ̀ kẹta, ó fẹ́ pa oògùn tì. Ẹnu rẹ̀ ń gbẹ, òòyì ń kọ́ ọ, kò sì tíì rí àǹfààní kan. Wọn kò tètè sọ fún un pé wàhálà oògùn ló máa ń ṣáájú, pé àǹfààní rẹ̀ lè gba ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́fà. Àṣìṣe àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ nìyẹn. Àáfà àkọ́kọ́ náà tún ránṣẹ́ pé oògùn òyìnbó ń dènà rúkíyà. Ìmáàmù fèsì pé Ànábì ní Ọlọ́hun kò sọ àìsàn kalẹ̀ láìsọ ìwòsàn rẹ̀ kalẹ̀, pé ọ̀rọ̀ yìí kò sì ti ọ̀dọ̀ òyìnbó wá: Abu Zayd al-Balkhi, onímọ̀ Mùsùlùmí tó kú ní 934, ti pín ìbànújẹ́ sí èyí tó ní ìdí àti èyí tí kò ní ìdí tí a mọ̀, ó sì ní kí wọ́n wá ìdí kejì yìí lọ nínú ara.

Ààwẹ̀ dé bá wọn lọ́sẹ̀ kẹjọ. Ó ti fọn, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi kún oògùn rẹ̀. Dókítà ní kó má gbà á lọ́dún yìí. Ọkàn rẹ̀ tún wó. Wọ́n ka 2:185 fún un: aláìsàn á san án ní ọjọ́ mìíràn, "Ọlọ́hun ń fẹ́ ìrọ̀rùn fún yín, kò fẹ́ ìnira fún yín." Kó má baà jókòó lásán, wọ́n ní kó máa bá wọn se ọbẹ̀ ìṣínu ní mọ́sálásí, ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀. Ọjọ́ kìíní, ata nìkan ló já ní ìdí. Kí ọdún ìtúnu ààwẹ̀ tó dé, òun ló ń bá wọn jà pé iyọ̀ pọ̀ jù.

Lọ́sẹ̀ kẹfà, máàkì rẹ̀ jẹ́ 11. Lọ́sẹ̀ kẹrìnlá, ó jẹ́ 5. Ó ti da ìkòkò aró méjì nù, ó ń rọ ẹ̀kẹta lọ́tun. Sódà ṣì wà lọ́dọ̀ aládùúgbò, tí wọ́n bá fẹ́ lò ó, wọ́n á lọ bù ú. Oògùn ń bá a lọ, nítorí pé wọ́n gbọ́dọ̀ lò ó fún oṣù mẹ́fà ó kéré tán lẹ́yìn tí ara bá ti yá, dókítà ni yóò sì máa dín in kù díẹ̀díẹ̀. Ó ti san ààwẹ̀ mẹ́rin pẹ̀lú ìyọ̀ǹda dókítà. Àwọn òwúrọ̀ kan ṣì ń wúwo.

Yāsīn ni kò tíì lè gbọ́. Tí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nílé olókùú, àyà rẹ̀ á já, á rántí òru àìsùn wọ̀nyẹn. Ìmáàmù ní kó fi í sílẹ̀ ná, kó má fipá mú ara rẹ̀. Súrà 114 ló wà nínú Àlùkùránì.